Ewé Ọdán ní Oríta

Ewúrẹ́ dúdú kan ni ó dúró ní oríta náà, tí ó ń jẹ ọ̀nà ilé Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù.

Kò kánjú rárá. Ó ń fa ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń mi irùngbọ̀n, ó sì ń wo tọkọtaya tí ó dé bá a bí ẹni pé àwọn ni kò mọ̀wà hù.

“Bàbá Isaiah,” ni Moṣọpẹ́ wí, “ṣé kì í ṣe àmì yín nìyẹn?”

Adépọ̀jù tún àkẹtẹ̀ rẹ̀ dé.

Oṣù kẹfà ọdún 1990 ni, Iléyá ti sún mọ́lé. Kò tíì pé oṣù kan tí báńkì gbé Adépọ̀jù láti Ìkirè wá sí Ìlọrin ní máníjà, tí wọ́n fún un ní ilé ní GRA. Ilé náà tóbi débi pé ènìyàn lè pe ènìyàn nínú rẹ̀ kí ó má gbọ́. Ohun tí ó wu Adépọ̀jù nípa rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ó sì ń lé Moṣọpẹ́ lọ náà nìyẹn. Ní Ìkirè, etí títì ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ wà, kò sí ẹni tí yóò kọjá láìdúró kí i. Níhìn-ín, mọ́tò ni ó ń kọjá, gíláàsì rẹ̀ a sì wà ní títì. Moṣọpẹ́ ti sọ ọ́ láìbínú pé bí ó bá di Mọ́ńdè, òun á padà sí Ìkirè. Kí ọkọ òun máa wá kí òun.

Adépọ̀jù kò fẹ́ kí ó lọ, ṣùgbọ́n ẹnu máníjà kò mọ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, ní àárọ̀ Sátidé yìí, ó ní kí àwọn jọ rin ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba ẹ̀yìn ọgbà wọn wọ inú igbó lọ sí ìhà Fate, kí ìyàwó òun lè rí ẹwà ìlú náà. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó fa ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, ó mú ọ̀pá dání. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n dé oríta. Kí wọ́n má baà ṣìnà nígbà àbọ̀, ó já ewé, ó sì fi dí àwọn ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn, bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe ní oko. Nínú gbogbo ewé tí ó kún inú igbó, ewé ọdán ni ó wù ú, nítorí pé ó ń dán gbinrin. Ọmọ oko tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn tábìlì ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ já ewé ọdán.

Ọ̀nà náà dára ní tòótọ́. Òjò òru ti fọ gbogbo igi. Ní ìsàlẹ̀, odò kékeré kan ń ṣàn lórí àpáta, omi rẹ̀ sì mọ́ débi pé Moṣọpẹ́ bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

“Ó dára,” ni ó wí nígbà tí ó pẹ́. “Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ó dára?”

Ìgbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ni wọ́n bá ewúrẹ́ lórí àmì.

Obìnrin àgbàlagbà kan yọ láti inú igbó, ó fi ìborùn wérí, ó mú okùn lọ́wọ́. Ràúdátù ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ni ewúrẹ́ náà, ó sì ti ń wá a láti ìdájí.

“Ẹ kú ìrìn o, Alàájì.”

Díákónì ni Adépọ̀jù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n orúkọ náà bá àkẹtẹ̀ rẹ̀ mu. Kò jiyàn.

“Ta ló tẹ́ oúnjẹ fún ẹran mi báyìí?”

“Èmi ni, Màmá. Mo wòye pé ebi á máa pa á.”

“Ọlọ́hun á fi yín sí àlùjánnà.”

“Àmín,” ni Adépọ̀jù wí, ó tẹ́wọ́ méjèèjì gbà á.

Moṣọpẹ́ wò ó títí. “Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Àmì tí a fi mọ̀nà ilé ni ewúrẹ́ yín ń jẹ yẹn. A ti sọnù.”

Ràúdátù wo ewé, ó wo ìbọ̀sẹ̀ funfun. “Ewé ọdán? Ewé ọdán tí ẹran fẹ́ràn jù lẹ fi sàmì?”

Ẹ̀rín mú un ní ikùn, ó di èjìká Moṣọpẹ́ mú kí ó má baà ṣubú. Moṣọpẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Adépọ̀jù kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ìkirè. Àlàyé kan ti wà létè rẹ̀, àlàyé tó gbọ́n. Ó gbé e mì.

“Bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ,” ni ó wí, “ẹ ó rò pé kápẹ́ẹ̀tì gómìnà ni.” Ó já ẹ̀ka mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ tàkẹtẹ̀-tàkẹtẹ̀, ó tẹ́ ewé náà, ó fi ọ̀pá tọ́ ọ gún. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin náà tún bú sẹ́rìn-ín.

Ràúdátù so ẹran rẹ̀, ó na okùn sí Adépọ̀jù. “Alàájì, ẹ bá mi fà á. Ẹ̀yin lẹ mọwọ́ ara yín.”

Nígbà tí ó gbọ́ pé GRA ni ilé wọn, Ràúdátù ṣíwájú láti fọ̀nà hàn wọ́n, Moṣọpẹ́ sì bá a lọ. Kò pẹ́ tí ó fi fọwọ́ kan etí aṣọ Moṣọpẹ́.

“Ta ló rán èyí?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ìwọ? O sì wá jókòó sí GRA, níbi tí wọn kì í ti í kíni. Ta ni ó máa wá rán ti Iléyá mi?”

“Ẹ gbé e wá ní Mọ́ńdè,” ni Moṣọpẹ́ wí. “Ẹ gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti kan géètì.”

Adépọ̀jù ń bọ̀ lẹ́yìn, ewúrẹ́ ń fà á sọ́tùn-ún sósì. Ó fẹ́ bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó gbọ́ ẹyẹ kan tí ń ké, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọrùn aṣọ. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn lè ráàyè. Ọ̀nà náà kò gbà ju ẹni méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì dùn ún rárá pé òun kọ́ ni ẹnì kejì.