Ọ̀pá Rírọ̀ fún Ọwọ́ Yíyá

Ọdún mọ́kànlá ni Kàúsárà ti ń tún igi gọ́ọ̀fù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Abidjan. Bí ènìyàn bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì péré lójú rẹ̀, ó ti mọ irú ọ̀pá tó yẹ kí wọ́n fi mọ́ orí igi rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀, ọ̀pá fúyẹ́ tó ń tẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, kí wọ́n fún un ní èyí tó le, tó sì wúwo díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́ọ̀lù á máa yà sósì.

Òun náà ti gbá gọ́ọ̀fù rí. Òun ni wọn ì bá mú lọ sí ìdíje ní Dakar nígbà kan, èjìká tó dùn ún ni kò jẹ́. Nígbà tí wọ́n wá mú Sidikatou, ọmọ ogún ọdún tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń di igi mú, Kàúsárà rẹ́rìn-ín, ó kí i kú oríire, ó ní, “Félicitations.” Ṣùgbọ́n nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé e padà sílé ní Abobo, omijé ni ó ń nù.

Sidikatou gbé igi rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. “Àǹtí mi, ẹ bá mi yan ọ̀pá tuntun. Ẹ̀yin lẹ mọ ọwọ́ mi.”

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Kò sí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó báyẹn ní gbogbo pápá. Ọ̀pá líle, soixante-cinq grammes, gíráàmù márùndínláàádọ́rin, ló yẹ ẹ́. Kàúsárà nawọ́ sí i, ló bá yí ọwọ́ padà, ó mú quarante-cinq, oní-gíráàmù márùndínláàádọ́ta, èyí rírọ̀ tí àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ń lò. Ó fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù Sidikatou fi ń wọ inú igbó lápá òsì. Séraphin, olùkọ́ rẹ̀, pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà yọ sí ṣọ́ọ̀bù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

“Àǹtí, wọ́n ní ọwọ́ mi ló yá jù. Mo ti ń dín in kù.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Kàúsárà. Ọwọ́ tí òun ń jowú rẹ̀ yìí gan-an, ọmọ náà ti ń bà á jẹ́ fúnra rẹ̀.

“Má dín nǹkan kan kù. Ọ̀pá ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tí kò yẹ ọ́ sí i ni.”

“Kí ni mo fi ṣe yín?”

“O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Owú ni.”

Sidikatou gbé igi náà lé orí tábìlì. Kò bú u. “Ẹ yọ ọ́ níṣojú mi, Madame.”

Ó dúró tì í títí ọ̀pá líle fi wọlé, tí àtè sì gbẹ, ló bá gbé igi rẹ̀ jáde láìdágbére. Láti ẹnu ọ̀nà ni Kàúsárà ti rí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́: ó ń lọ tààrà, ó kọjá ibi tí òun gbá a dé rí láyé òun. Owú náà tún ru sókè lọ́kàn rẹ̀. Kò sẹ́ ẹ.

Ipò kẹta ni Sidikatou ṣe ní Dakar. Ẹnu Séraphin ni Kàúsárà ti gbọ́. Ó ní, “Alhamdulilahi,” ó sì yí padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, owú sì tún ń ta á.