Ta Ló Kọ́lé Wa ní Ìta Ọdán?

Ẹ súnmọ́bí, ẹ wá jókòó tì mí, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi o. Àlá tí mo lá mọ́jú òní ṣì wúwo láyà mi.

Mò ń rìn káàkiri àdúgbò wa, Ìta Ọdán, mò ń kọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Òjò ń rọ̀, àmọ́ láti ilẹ̀ ló ti ń rọ̀ lọ sókè. Mo ní kò burú. Ilé tí kò bá ti sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, á ká ara ẹ̀ bí ẹní, á bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé ilé tiwa, ó ti ń ká etí òrùlé. Mo di ògiri mú.

Ògiri ní, "Fi mí sílẹ̀, ó ti rẹ̀ mí. Tó o bá fẹ́ kí n dúró, lọ dárúkọ ẹni tó kọ́ mi fún wọn ní ọ́fíìsì."

Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó lókè páànù. Mo fa Màmá lọ́wọ́, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, a rin afẹ́fẹ́ débẹ̀. Ọ̀gá kan tó so táì ló jókòó.

"Màmá, ta ló kọ́lé yín?"

"Eyínfúnjowó ni, àbúrò ọkọ mi tó ti kú."

Ìwo ti ń yọ lórí ọ̀gá. "Ìnagijẹ nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ńkọ́?"

"Èmi ìyàwó ilé? Ó ti wà ńlé kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ọkọ mi ni. N ò lè pe orúkọ ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá, ó ti kú!"

"Ṣé tó bá kú, kì í ṣe ọkọ mi mọ́ ni? Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

Ọ̀gá ti dewúrẹ́ pátápátá, táì ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó wò mí. "Ìwọ lọmọ ilé. Kò sí èèwọ̀ kankan fún ẹ. Ó yá, pè é."

Mo ṣí ìwé mi síbi tó yẹ kí orúkọ yẹn wà lójú ìwé ilé wa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ilé wa, Eyínfúnjowó náà sì ni mo gbọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ewúrẹ́ bá rọra jẹ ojú ìwé wa. Mo wolẹ̀: ilé wa ti ká tán, ó ń lọ lójú títì, kò wẹ̀yìn. Màmá ń juwọ́ sí i.

"Ó dàbọ̀ o, Eyínfúnjowó."

Ohùn obìnrin kan ló jí mi. Àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sọ́mọdé lẹ́nu ló dé. Mo gbọ́ tó ní, "Màmá, ilé ta la máa kọ?" Kí n tó jáde, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gàdàgbà: ILÉ EYÍNFÚNJOWÓ. Màmá ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ti lọ. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ bí sílé yìí ti lọ. Màmá nìkan ló kù tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ Eyínfúnjowó gan-an, wọ́n sì ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ̀ bá bẹ Màmá kí wọ́n jẹ èèwọ̀, àbí ẹ̀ bá jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì yẹn wà bẹ́ẹ̀?