Ẹja Tí Mokhtar Fi Etí Rí

Ọjọ́bọ̀ ni Mokhtar dé Kuala Rompin, ìlú apẹja létí òkun, láti yan ọkọ̀ tí yóò gbé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sókun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá mọ ìṣe ibẹ̀ yóò mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí layaran bá wọ omi Rompin, ẹja gígùn tí ẹnu rẹ̀ rí bí ọ̀kọ̀, tí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga bí ìgbòkun, àwọn tó ń fi ẹja pípa ṣe fàájì a ya bo ìlú náà bí eéṣú. Gbogbo ọkọ̀ tó dára, wọ́n ti gbà á tán láti ọdún tó kọjá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ìwọ̀nba ni.

Ṣùgbọ́n Mokhtar kì í yan ohunkóhun láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe aláyẹ̀wò òṣùwọ̀n fún ìjọba ní Segamat, kò sì sí ẹlẹ́ran tàbí ẹlẹ́ja kan nínú ọjà ibẹ̀ tí kì í sáré tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe bó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ìjọba ti fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Ojú rẹ̀ ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sivanesan, ló ṣe wá. Siva ti ṣe akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin rí, ogójì ọdún sì ni òun àti Mokhtar ti jọ ń jókòó sétí odò, tí wọ́n ń pa ẹja àrọ̀. Lọ́dọọdún ni Siva máa ń wí pé, "Kí n tó kú, màá pa layaran kan." Lọ́dọọdún ni Mokhtar máa ń dáhùn pé, "Ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn." Ìyàwó Siva wá kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ní Perth ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un: Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ òfúrufú yóò gbéra, àlọ nìkan, kò sí àbọ̀. Ọmọ náà fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú bàbá rẹ̀, nítorí awọ funfun ti bo méjèèjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Siva kí òpó iná kan lójú títì, inú sì bí i pé kò dá òun lóhùn. Bí Àbámẹ́ta yìí bá kọjá láìsí layaran, ó parí nìyẹn.

Nítorí náà Mokhtar kọ ìbéèrè mọ́kànlélógójì sínú ìwé kékeré kan. Ó fi Siva sílẹ̀ ní ilé tíì Mak Ngah Senah létí èbúté, ó ní kó máa mu teh tarik, ó sì bọ́ sójú iṣẹ́.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń gba èèyàn mẹ́jọ, ẹ̀wù agbéniléfòó rẹ̀ jẹ́ méje. Mokhtar fagi lé e. Ọkọ̀ kejì, ó ní okùn ìdákọ̀ró ti gbó. Ọkọ̀ kẹta, ó ká ìwọ̀ méjì tó dípẹtà mọ́ inú àpótí. Lórí ọkọ̀ kẹrin, ó fa òṣùwọ̀n kékeré kan yọ lápò, ó gbé òjé ìpẹja kọ́ ọ.

"Igba gíráàmù ni wọ́n kọ sára èyí," ó wí. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́sàn-án péré ló wọ̀n."

"Encik, òjé ni," ni tekong, awakọ̀ tó ni ọkọ̀ náà, wí. "Ẹja ò ní bi í léèrè."

"Èmi ni mo ń bi í."

"Nígbà náà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e mì."

Tekong karùn-ún, Mokhtar ní kó mú ẹ̀rí wá pé ẹja tó ní òun pa lọ́dún tó kọjá, ó pa á lóòótọ́. Ẹnì kẹfà fún un ní àpèjúwe ibì kan tí ọkọ̀ rere pọ̀ sí, àpèjúwe náà sì mú un já sí ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pa adìyẹ. Ẹnì keje rí i tó ń bọ̀, ó tú okùn ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á bọ́ sáàárín odò, ó dúró síbẹ̀ láìsí èrò kankan nínú rẹ̀, ó ń wo sánmà.

Nígbà tí Mokhtar padà sí ilé tíì, Mak Ngah Senah ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin tó sanra ni, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i.

"Encik Aláyẹ̀wò," ó wí, "wọ́n ní ẹ wọn òjé. Ṣé kí n tọ́jú ṣíbí mi pamọ́ ni?"

"Èèyàn méje, ìyá, kò sí ẹyọ kan tó ṣeé fọkàn tán!"

"Àwọn náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa yín. Wọ́n ní báwọn bá gbé yín dé òkun, ẹ ó ní kí omi náà fi ìwé àṣẹ hàn."

Siva bú sẹ́rìn-ín. Teh tarik kẹfà ló wà níwájú rẹ̀. "Tar, ọ̀la ni Jímọ̀. Ṣé o ti rí ọkọ̀?"

Mokhtar ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé. Mak Ngah wo Siva, ó wo ojú rẹ̀ tó funfun, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó ku Pak Su Deris," ó wí.

"Èé ṣe tí ọkọ̀ tirẹ̀ fi ṣófo nínú oṣù kẹsàn-án? Kí ló ṣe ọkọ̀ náà?" ni Mokhtar bèèrè.

"Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀. Àwọn yòókù, ẹ̀yin lẹ ń yàn wọ́n. Pak Su, òun ló ń yan èèyàn. Ó ti lé mẹ́tàdínlógún lọ lọ́dún yìí."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n bá Pak Su Deris lábẹ́ ilé rẹ̀, ó ń so imọ̀ àgbọn mọ́ okùn gígùn kan. Bàbá tó gbẹ bí ẹja gbígbẹ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mokhtar tẹ́ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀: ọ̀pá ìpẹja mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ okùn mẹ́fà, àti àpótí ìwọ̀ igba ó lé méjìlá tí ó tò bí ìwọ̀n wọn ṣe tóbi sí. Pak Su kò wò wọ́n.

"Ta ló fẹ́ ẹja?" ó bèèrè.

"Èmi ni, bàbá," ni Siva wí.

Pak Su na ìka mẹ́ta síwájú rẹ̀. "Mélòó nìyí?"

Siva tẹjú mọ́ ọn. "Kí n má purọ́. Akàn ni mo pè é."

Inú Pak Su dùn bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rẹ. "Màá gbé eléyìí. Irú èèyàn tí mo ti ń wá nìyẹn. Ìwọ oníwèé ńkọ́?"

"Mo ní ìbéèrè mọ́kànlélógójì," ni Mokhtar wí, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. "Àkọ́kọ́..."

"Rárá."

"N kò tíì béèrè!"

"Mo ti dáhùn." Pak Su gbé imọ̀ àgbọn náà sókè. "Ṣé o rí èyí? Unjam là ń pè é. Màá so òkúta mọ́ ọn, màá rì í sí ìsàlẹ̀ òkun, ẹja wẹẹrẹ á sá sábẹ́ rẹ̀, layaran á sì tọ̀ wọ́n wá. Èmi nìkan ló mọ ibi tó wà. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo gbé ọ̀gbẹ́ni kan, ó ń fi fóònù ya àwòrán, ó ń pè mí ní bàbá mi, bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ló kó ọkọ̀ mẹ́rin wá síbẹ̀. Wọ́n gbá ibẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí àlejò gbá àwo ọbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí fóònù nínú ọkọ̀ mi, kò sí aago, kò sí ìwé, kò sí kálàmù."

"Kálàmù kẹ̀?" Mokhtar fọwọ́ bo àpò rẹ̀.

"Tar," ni Siva wí jẹ́jẹ́, "Ọjọ́ Ajé."

Mokhtar gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó yọ kálàmù lápò bí ẹni ń yọ eyín. Pak Su ṣa ọ̀pá kan péré nínú mẹ́rin, ó mú ìwọ̀ méjì nínú igba ó lé méjìlá, ó ní kí wọ́n kó ìyókù padà sílé kí ọkọ̀ òun má bàa rì.

Kùtùkùtù Àbámẹ́ta ni wọ́n gbéra. Òkun tòrò. Pak Su dúró nídìí ẹ́ńjìnnì. Siva jókòó síwájú, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fún ní àsíá. Mokhtar jókòó sáàárín, kò sì rí nǹkan ṣe. Ohun tó ń pa á lára nìyẹn. Bó bá ti wo ọ̀tún, ó rí ṣóńṣó òkè Tioman. Bó bá wo òsì, ó rí etí erékùṣù Seri Buat. Ó ń wò bí ìkíní ṣe ń sún mọ́ ìkejì. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jalè. Ojú rẹ̀ kàn jẹ́ ojú tí kò lè rí nǹkan méjì kó má wọn àárín wọn. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí bébà tí wọ́n fi di ìrẹsì nasi lemak àárọ̀. Èékánná rẹ̀ sì fa ilà kan sí i. Ó tún fa òmíràn, ó sì ti bébà náà sábẹ́ itan.

Láìpẹ́, ọkọ̀ yí padà. Ó tún yí. Wọ́n lọ, lọ, lọ, wọn kò débì kan.

"Bàbá," ni Siva wí, "oòrùn yìí wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ sí òsì. Ó tún ti padà sí ọ̀tún. Ṣé oòrùn méjì ló ń ràn ní Rompin ni?"

Pak Su tún yí ọkọ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ara Mokhtar kò gbà á mọ́.

"Pak Su, ẹ ń fi epo ṣòfò!"

"Epo mi ni. Bébà tó wà lábẹ́ itan rẹ ńkọ́?"

Mokhtar tẹ itan mọ́ bébà náà. Pak Su na ọwọ́, ó gba bébà náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tioman nìyẹn. Seri Buat nìyẹn. Ilà tín-ín-rín kan sì so wọ́n pọ̀, ó gún régé bí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi rúlà fà.

"Ọwọ́ rẹ mọ́," ni Pak Su wí. "Mo ń dá ọkọ̀ padà."

Siva ká okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣẹ́ aṣọ ìnura rẹ̀ po sórí orúnkún. "Kò burú," ó wí. "Ó kéré tán, mo ti gbóòórùn òkun. Tar, má bínú sí ara rẹ. Bí o ṣe rí nìyẹn, mo ti mọ̀ láti ogójì ọdún."

Ì bá sàn kó bú u. Mokhtar gba bébà náà lọ́wọ́ Pak Su, ó fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ó dà á sómi.

"Bébà ti lọ," ni Pak Su wí. "Orí rẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ."

"Kí ni kí n wá fi orí mi ṣe, Pak Su? Ẹ sọ ọ́. Ohun yòówù kó jẹ́."

Bàbá náà wo àyíká ọkọ̀. Ojú rẹ̀ bà lé garawa dúdú kan tí ó ń kó ìjẹ sí. Ó da omi inú rẹ̀ nù.

Bẹ́ẹ̀ ni aláyẹ̀wò òṣùwọ̀n fún ìjọba fi jókòó sáàárín òkun tí garawa bò ó lórí dé ọrùn. Inú garawa náà ń rùn bí ẹja àná àti ẹja ìjẹta. Ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Ṣé ó rí nǹkan?" ni Siva bèèrè.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti dọ́gba báyìí," ni Pak Su wí, ó sì tẹ ẹ́ńjìnnì.

Ìgbà tó yá, ẹ́ńjìnnì kú. Mokhtar gbọ́ tí Pak Su ń fa ẹja wẹẹrẹ wọlé, wọ́n ń jà pìtìpìtì nílẹ̀ ọkọ̀. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n fi ọ̀kan ṣe ìjẹ, tí wọ́n jù ú sómi. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe èémí ara rẹ̀ tó ń dún bí ti màlúù.

Lójijì, kẹ̀kẹ́ okùn ké.

"Fi sílẹ̀!" ni Pak Su kígbe. "Jẹ́ kó gbé e! Fi sílẹ̀... ó yá, dì í mú!"

"Yéè! Ó fẹ́ fà mí sọdá sí Perth!"

"Siva, kí ni?" ni Mokhtar ké nínú garawa. "Layaran ni àbí kí ni?"

"Mi ò mọ̀! Ó gùn! Ó ń fò! Bí ọkọ̀ ojú irin tó ya kúrò lójú irin ni!"

Omi là gbàà lápá ọ̀tún. Ó tún là. Ọwọ́ Mokhtar dé etí garawa. Pak Su ti kọjú sẹ́ja, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Àfojúbà kan péré ni, layaran kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò pa láyé. Bó bá sì gbé e, òkè yóò wà níbẹ̀, erékùṣù yóò wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì wọn àárín wọn kó tó wo ẹja. Ó mọ ara rẹ̀. Ó ti ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn.

Omi là nígbà kẹta, nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tó fi ta sábẹ́ garawa, tó sì kún un lẹ́nu.

"Mú ọwọ́ rẹ wá," ó gbọ́ tí Pak Su ń wí fún Siva. "Ẹnu rẹ̀ nìyí. Ìgbòkun rẹ̀ nìyí. Máa lọ. Ìrù rẹ̀ nìyẹn."

Mokhtar gbọ́ tí Siva ń fi ọwọ́ wọn ẹja náà láti ẹnu dé ìrù, tó ń kà á. Nígbà tó kà á tán, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé, bàbá. Ó ti tó." Omi sì gba ẹja náà padà.

Pak Su kò ṣí garawa títí wọ́n fi rí èbúté. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, àwọn tekong tó ti dé ń dúró dè wọ́n, Mak Ngah Senah náà wà níbẹ̀. Pak Su so ọkọ̀ rẹ̀, ó gba ilé lọ láìwẹ̀yìn. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹja.

"Mo pa á!" ni Siva ń kígbe. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Bàbá Akàn," ni tekong olójèé wí, nítorí ìròyìn ìka mẹ́ta ti dé gbogbo èbúté, "mẹ́sàn-án kẹ̀? Àwòrán dà? Ta ló rí i?"

Ojú gbogbo wọn sì yí sí Mokhtar. Ìpẹ́ ẹja ń dán ní irun rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ gúnlẹ̀.

"Encik Aláyẹ̀wò," ni Mak Ngah wí, "ẹ̀yin tí ẹ kì í purọ́. Ṣé ẹ rí i?"

"N kò rí i," ni Mokhtar wí.

Wọ́n tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ sókè bó ṣe máa ń gbé e lọ́jà Segamat, wọ́n sì dákẹ́ láìmọ ìdí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ́ sómi. Ìkẹta, mo mu nínú omi náà. Ẹni tó fọwọ́ wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé ìrù sọ pé mẹ́sàn-án ni. Mẹ́sàn-án ni mo gbà."

"Mẹ́sàn-án àbọ̀," ni Siva wí.

"Siva," ni Mokhtar wí, ó di apá rẹ̀ mú kó má bàa kọsẹ̀, "má bà á jẹ́."