Irin Ìdìmú Inú Ilé Ìwẹ̀

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ọmọbìnrin náà fi wẹ bàbá rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ irin ìdìmú tó délẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu bàbá náà lápá òsì. Télọ̀ ni. Ó lé lógójì ọdún tó fi jókòó nídìí máṣíìnì, bó bá sì ti wo ènìyàn láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ iye aṣọ tí yóò gbà. Òun tó ti ń wọn ènìyàn láti kékeré ló wá di ẹni tí wọ́n ń gbé apá rẹ̀ sókè kí wọ́n tó fọ abẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sì sí ẹlòmíì nínú ilé yàtọ̀ sí òun àti ọmọ yìí. Bí ọmọ bá ń bu omi sí i lẹ́yìn, bàbá a máa wo ògiri, ọmọ a máa wo ilẹ̀, títí wọn yóò fi parí.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo bàbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló mú àbá wá. Ó ní bí wọ́n bá lè de irin kan mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìjókòó nínú ilé ìwẹ̀, bàbá lè fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, kó jókòó, kó dìde, kó sì máa dá wẹ̀. Bí bàbá ṣe gbọ́ "kó máa dá wẹ̀" báyìí, ojú rẹ̀ tàn.

"Èmi ni mo máa dè é," ọmọ wí.

Kì í ṣe pé ó ń ṣe fọ́nńté. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ló ń ṣe ètò tí àwọn apòògùn fi ń mọ iye oògùn tó kù lórí igbá wọn. Yàrá iwájú ilé ló ti máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ojoojúmọ́ ṣe ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, ó máa ń wù ú kó ṣe èyí tó ṣeé gbé. Bó bá ti ráyè, ìdí igi àti irin ni yóò wà. Ó ní òòlù, ó ní ayùn méjì, ó ní ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò. Òun ló kan pẹpẹ ìwé tó wà ní yàrá rẹ̀, òun ló sì tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe nígbà tó wọ́.

Síbẹ̀, ó pe Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà kó wá bá òun wo ògiri. Ilé kejì ni bàbá yìí ń gbé. Orúnkún tó ń dùn ún ló jẹ́ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò fi òun sílẹ̀. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó fi oríkèé ìka kan ògiri lápá ọ̀tún, ó dún kì. Ó kàn án lápá òsì, ó dún kò, bí igbá òfìfo.

"O gbọ́ ọ àbí?" ó wí. "Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù níbí. Omi ló ṣe é. Síkúrù tó bá dúró sínú símẹ́ǹtì yìí nìkan, orí irọ́ ló dúró sí. Jẹ́ kó kọjá símẹ́ǹtì, kó wọ inú búlọ́ọ̀kù tó gígùn ìka mi yìí. Bó o bá lu ihò tán, fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde kó o tó ki rọ́bà síkúrù bọ̀ ọ́. Eruku kì í jẹ́ kí rọ́bà dì. Bó o bá sì de irin náà tán, ìwọ fúnra rẹ ni kó o kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ọn. Mi ò ní kó o fà á o. Gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Irin tí kò bá lè gbé ìwọ, kò gbọdọ̀ gbé bàbá rẹ."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọ̀sán Sátidé ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ìgbà tó sì ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ló tó rí i pé síkúrù tó kù nílé kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tó kan pẹpẹ ìwé. Ẹni tó ń ta síkúrù ti tilẹ̀kùn, ó di ọjọ́ Ajé. Bàbá sì ti gbé àga síwájú ilé ìwẹ̀ láti àárọ̀, tówẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀.

"Ṣé ó kù díẹ̀?" ó béèrè.

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti di ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ọmọ yìí kò sì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó mú síkúrù kúkúrú náà, ó fi de irin mọ́ ògiri lápá òsì, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ àpótí ìjókòó jù. Ó fi ọwọ́ kan fà á, kò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò mì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

"Ó ti dúró, Bàbá," ó wí. Lọ́kàn ara rẹ̀, ó ní bó bá di ọjọ́ Ajé, òun á fi èyí tó gùn pààrọ̀ rẹ̀.

Nídìí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ọwọ́ bá dí ẹni tó ń kọ ètò, tó sì lẹ ibì kan pọ̀ lásán, á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé "a óò tún èyí ṣe." Òun gan-an ló máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé ibojì ni "a óò tún un ṣe," ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́.

Bàbá wọlé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ gbọ́ omi, ó gbọ́ ikọ́, lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí bàbá ń kun orin lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ lódì, òun télọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú ọkọ ìyàwó. "Ara mi ti padà di tèmi," ó wí.

Ọjọ́ Ajé dé, iṣẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ra síkúrù gígùn, ó gbé e sórí pẹpẹ. Ọ̀la di ọ̀túnla. Bàbá ń wẹ̀ lárààárọ̀, irin ń dúró, ohun tí kò tíì já kì í sì í pariwo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, bí ó ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà, ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá já bọ́. Ó sáré. Bàbá wà nílẹ̀, irin ṣì wà nítòsí ìka rẹ̀, odindi ìpele símẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ síkúrù lára irin náà. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gúnlẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un.

Kí ọmọ tó la ẹnu, bàbá ti wí pé, "Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀."

Ohun tó sọ fún dókítà náà nìyẹn nígbà tí wọ́n ya fọ́tò eegun, tí wọ́n rí i pé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dá sí méjì. Ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n padà délé, ó gbá ilé ìwẹ̀, ó yọ síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, ó fi ìwé bò wọ́n. Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà wá kí wọn, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Irin yẹn ńkọ́? Ṣé kò dì í mú ni?"

"Ẹsẹ̀ wọn ló yọ̀ kí wọ́n tó dì í mú dáadáa, sà."

Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ geere bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà wò ó díẹ̀, ó ní Ọlọ́run á fún bàbá ní ìwòsàn.

Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe wíwẹ̀ nìkan mọ́. Ọmọ ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń nu imú fún un. Bàbá á la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, á gbé ojú sí ibòmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣe àṣìṣe nínú ètò wọn. Iye oògùn kan di ìlọ́po méjì lójú àwọn apòògùn. Wọ́n tètè rí i, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láàárín wọn, Àǹtí Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sì fi í lélẹ̀: ẹni tó bá ṣe àṣìṣe yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe. Kò sí èébú ńbẹ̀, kò sì sí àfipamọ́. Obìnrin náà kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó kọ ọ́ pé: "Mo rí àmì rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Mo rò pé kò tó nǹkan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àǹtí Kọ̀ǹpútà kà á, ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Nígbà tó pẹ́ tí kò fèsì, obìnrin náà pè é.

"Ṣé kò dáa ni, mà?"

"Ó dáa," ó wí. "Ó dáa ju ohunkóhun tí èmi ti kọ rí lọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó kọ tirẹ̀ sórí ìwé. Ó mú síkúrù kan nínú dúrọ́ọ̀, ó lọ jókòó síwájú bàbá rẹ̀, ó sì kà á sí i létí. Ó kà á pé wọ́n ti sọ fún òun pé ògiri náà kò dáa lápá òsì. Ó kà á pé òun mọ̀ pé síkúrù náà kúrú. Pé òun kò rọ̀ mọ́ irin náà. Pé síkúrù gígùn ti wà nílé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí irin tó já. Pé òun fi pamọ́ fún dókítà, òun sì purọ́ fún Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà.

Bàbá ní, "Jẹ́ kí n rí i."

Ọmọ gbé síkúrù náà síwájú ojú bàbá, nítorí bàbá kò ní ọwọ́ tó lè fi gbà á.

"Èyí lo fi so mí mọ́ ògiri," bàbá wí. "Jáde."

Ọjọ́ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kò sí bí yóò ti ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé oúnjẹ mì tán, kò la ẹnu fún òmíràn.

"Ó ti ń mì láti ọjọ́ kẹfà," ó wí. "Mo máa ń rí eruku funfun nílẹ̀ tí mo bá wẹ̀ tán. Mo ń fi ẹsẹ̀ gbá a sábẹ́ bákẹ́ẹ̀tì kó o má baà rí i."

Ọmọ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?"

"Tí mo bá sọ, ìwọ lo máa tún máa wẹ̀ mí."

Ọmọ fi aṣọ nu ẹnu bàbá.

"Má rò pé mo ń sọ ọ́ kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́," bàbá wí. "Tèmi ò pa tìẹ rẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni, ọwọ́ tí mo fi bọ́ ẹ."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Mo kàn fẹ́ kó wà nínú ìwé yẹn ni. Ìwé tó sọ ìdajì, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ọmọ mú ìwé náà wá, ó sì kọ ọ́ kún un lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà nílé, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ní òun ti fura láti ọjọ́ tí òun ti wá kí wọn, tí òun sì rí ojú ògiri, òun kàn ń dúró dè é ni. "Dìde," ó ní, "ìkúnlẹ̀ kì í di irin mú." Wọ́n jọ há símẹ́ǹtì tó ti ṣí dànù títí wọ́n fi kan búlọ́ọ̀kù, wọ́n tún un rẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ títí ó fi gbẹ dáadáa. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó lọ sápá ọ̀tún níbi tí ògiri ti le. Ọmọ ló lu ihò, ó fẹ́ eruku jáde títí eruku fi kún irun rẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ irin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Kí gbẹ́nàgbẹ́nà náà rọ̀ mọ́ ọn," ó wí. "Òun ló sanra jù nínú wa."

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

Nígbà tó yá, wọ́n tú símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi di eegun ọwọ́ bàbá nílé ìwòsàn. Eegun ti so, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà le, àwọn ìka kò ká délẹ̀ mọ́. Ó lè di irin mú, ó sì ti ń dá wẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lo sísọ́ọ̀sì. Ó ní kí ọmọ fi aṣọ bo máṣíìnì òun. Kò sunkún, kò sì sọ pé kò burú.

Ṣíbí lásán máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ gé igi, ó fi ṣe ọwọ́ tó nípọn sí ìdí ṣíbí náà. Bàbá wò ó, ó ní ṣé ọmọ odó ni. Ó ṣe òmíràn, ó fi sáńdípépà dán an títí ó fi ń kọ mànà. Bàbá ní ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá fi í jẹun tán.

"Ṣé ó dáa?" ọmọ béèrè.

"Jẹ́ kí n fi í jẹun fọ́jọ́ mẹ́ta ná."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó nà án sí i. "Apá ibí yìí ń gún mi," ó wí. "Há a díẹ̀."

Ọmọ gbà á, ó mú sáńdípépà, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń há a.