Pínpín Tí Kò Dín Nǹkan Kù

Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan lè pín kó má kéré. Orí àpótí ló dúró sí nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa lọ́jọ́ náà, pínnì síkẹ́ẹ̀tì tí mo ń wọ̀n fún un yí ìbàdí rẹ̀ ká, kò lè jókòó, kò lè sá. Tipátipá ló fi gbọ́ ìjà èmi àti àbúrò mi.

Abẹ́rẹ́ là ń pe àbúrò mi, nítorí ó tín-ín-rín, ó sì mọ ènìyàn gún. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ránṣọ. Àfi bó ṣe ní òun fẹ́ lọ dá ṣọ́ọ̀bù tòun sílẹ̀ ní òpópónà kejì.

“O fẹ́ pín ṣọ́ọ̀bù? Búrẹ́dì tí wọ́n bá pín sí méjì, ta ló jẹ odidi níbẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kì í ṣe búrẹ́dì.”

“Bó o ṣe gbẹ yìí, ti àná ni.”

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, pínnì gún un, ó lọgun. Nígbà tó simi tán, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀, ojú lásán ò tilẹ̀ fẹ́ẹ̀ rí i. Ó pín di méjì, méjì di mẹ́rin, títí ó fi di ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí rìbìtì báyìí. Ṣé ẹ dín kù ni?”

Mo wo ara mi. N kò dín kù rárá.

“Sẹ́ẹ̀lì kì í dédé pín,” ni ó wí. “Á kọ́kọ́ dàgbà. Á wá da gbogbo ìlànà inú rẹ̀ kọ, kó tó la ara rẹ̀ sí méjì. Àwọn aṣọ́nà sì wà tí ń bi í pé, o ti tóbi tó? O dà á kọ pé? Bí àṣìṣe bá wà, wọn á dá a dúró kó tún un ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, wọn á ní kó kúkú kú. Èyí tó bá kọtí ikún sí wọn, tó ń pín ṣáá, òun ló ń di jẹjẹrẹ.”

Ọ̀rọ̀ aṣọ́nà yìí dùn mọ́ mi. “Abẹ́rẹ́, da gbogbo pátánì wa kọ. Èmi ni aṣọ́nà.”

Pátánì náà ni bébà tí a gé bí apá, bí àpò, bí kọ́là. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n. Tíṣà pàtẹ́wọ́, ó ní iye okùn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn gan-an nìyẹn. Mo gbéra ga bí ẹni pé èmi ni mo kà á síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Abẹ́rẹ́ fi dà á kọ. Lọ́jọ́ tí Tíṣà wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo ka bébà tuntun náà: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Abẹ́rẹ́ ti ń ká a.

“Ẹ dúró,” ni Tíṣà wí. “Sẹ́ẹ̀lì kì í kà á bẹ́ẹ̀. Á to okùn ìlànà kọ̀ọ̀kan àti àdàkọ rẹ̀ sáàárín, òwú tí ń fà wọ́n á mú ọ̀kan láti ọ̀tún, òmíràn á mú èkejì láti òsì. Bó bá ku ẹyọ kan tí òwú ò tíì mú, kò sí fífà.”

A tò wọ́n sórí tábìlì ní méjì-méjì. Àṣé àdàkọ méjì ni àpò ṣòkòtò ní. Kọ́là dá wà lóun nìkan bí opó.

“Alápò!” ni mo wí. “Ṣẹ́ẹ̀tì aláìlọ́rùn lo fẹ́ máa rán?”

Ó ya kọ́là lójú ẹsẹ̀. Mo ní ìlà rẹ̀ wọ́. Ó tún un yà. Mo ní bébà náà fẹ́lẹ́. Ó mú èyí tó nípọn. Mo ní kí yíǹkì rẹ̀ gbẹ di ọ̀la.

“Pẹ́ńsù ni mo lò,” ni Abẹ́rẹ́ wí jẹ́jẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló tún kù?”

Mo wo Tíṣà kó gbà mí. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń wò. “Bí aṣọ́nà bá kọ̀ tí kò ṣílẹ̀kùn,” ni ó wí, bí ẹni ń bá aṣọ sọ̀rọ̀, “ọgbẹ́ kékeré kan ò ní jinná lára ènìyàn.”

Òótọ́ ni. Kò sí àṣìṣe lórí bébà mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí yóò máa dá pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù.

Mo di àwọn bébà tó wà lọ́dọ̀ mi mú. “Ó yá, fà.”

A fà wọ́n, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Mo ka tèmi, kò dín ẹyọ kan. Abẹ́rẹ́ kó tirẹ̀ mọ́ àyà títí dé àgbọ̀n, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó dàbọ̀ o!”

“Rọra, o ó fà á ya!”

Ó ti ń sáré lọ. Títí ó fi yà ní ìkóríta, kò bojú wẹ̀yìn.