Ìtẹ̀ka Bíríkìlà

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà tún kọ̀ ọ́. Bíríkìlà náà gbé ọwọ́ kúrò lórí dígí, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó dá a padà. Iná pupa ni ó tàn. Akọ̀wé obìnrin tí ó jókòó ní òdìkejì tábìlì kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò ní ìlà lọ́wọ́, sà," ni ó wí.

"Mo ní in nígbà tí wọ́n bí mi."

Òótọ́ ni ó sọ. Símẹ́ǹtì ni ó jẹ ẹ́ tán. Láti ìgbà tí ó ti ń mọ ilé, ọwọ́ lásán ni ó fi ń ṣe é, nítorí ó gbà pé ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ mọ ògiri kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi aṣọ di ojú lọ wo ìran. Níbi iṣẹ́, òun ni wọ́n ń fi igun ilé sí lọ́wọ́, torí bí igun bá wọ́, gbogbo ògiri wọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Igun. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọwọ́ tí ó kọ́ ilé fún àwọn onílùú kò lè gba ìwé ìgbélùú fún ẹni tí ó ni ín.

Akọ̀wé náà là á yé e. Bí wọn kò bá rí ìtẹ̀ka rẹ̀ gbà kí oṣù tó parí, wọn yóò ti fáìlì rẹ̀ pa, yóò sì padà sí ibi tí ó ti wá. Kí ó lọ sinmi ọwọ́. Awọ yóò hù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá ń bọ̀, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Kí n má ṣiṣẹ́, kí n sì mú ẹ̀rí wá pé mò ń ṣiṣẹ́?"

"Bí òfin ṣe wí nìyẹn, sà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó gbà á sílé láti ìgbà tí ó ti dé ìlú náà, ni ó gba ìtọ́jú ọwọ́ náà ṣe. Láàárọ̀ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lálẹ́ òróró. Kò jẹ́ kí ó gbé ohunkóhun.

"Ẹ wò ó bí ó ṣe jókòó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! Má fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mi o, kí ìjọba má baà bi mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn fún yín."

"Fi ẹsẹ̀ tì í."

Awọ ti ń hù nígbà tí ọ̀gá iṣẹ́ pè é lórí fóònù. "Igun ti wọ́. A wó o, a tún un mọ, ó tún wọ́. Bí o bá fẹ́ gba ìwé kankan lọ́wọ́ mi, máa bọ̀."

Ó lọ. Ó bá igun náà tí ó tẹ̀ bí ẹni tí ń fetí sí ọ̀rọ̀ inú yàrá kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró tì í, ẹni tí Ọ̀gá Igun fúnra rẹ̀ ti sọ ní Oníbọ̀wọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kì í ṣiṣẹ́ láìwọ ìbọ̀wọ́.

"Kí ni o kó sápò?" ni ọ̀gá iṣẹ́ bi í.

"Ọwọ́ mi ni."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹyin. Mú un jáde."

"Bí mo bá fi kan símẹ́ǹtì lónìí, mo ti kúrò nílùú yìí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu mọ ọ́n."

"Ẹnu kì í mọlé."

"Ẹ fi Oníbọ̀wọ́ fún mi, kí ẹ wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀. "Wó ti òkè yẹn. Bu símẹ́ǹtì sí i; kò gbọdọ̀ ṣàn. Jẹ́ kí okùn òjé dúró jẹ́ẹ́ kí o tó fi wò ó bóyá ògiri gún. Ta ló ń lé ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà kan bíríkì yọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá Igun ti jáde dé ìbàdí kí ó tó rántí ara rẹ̀. Ó fi eyín di ètè, ó wo bíríkì náà títí ó fi fọ́ sílẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó di dandan kí ẹnu rẹ̀ wá a rí kí ó sì sọ ọ́: ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ń sinmi lé, àti ìró tí bíríkì ń dún bí ó bá ti jókòó dáadáa. Kí oòrùn tó wọ̀, igun náà ti dúró ṣánṣán. Ọ̀gá iṣẹ́ fi okùn wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó kọ ìwé náà, kò yìn ín.

Ní ọ́fíìsì, ẹ̀rọ gba ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan ni ó ṣe agídí díẹ̀.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn gbé e lé e," ni akọ̀wé wí. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó na káàdì náà sí i. "Ọdún kan ni yóò lò. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ìka yìí kan náà ni ẹ̀rọ yóò béèrè. Ẹ tọ́jú wọn."

Ní ọjọ́ kejì ó padà síbi iṣẹ́. Oníbọ̀wọ́ ni ó bá ní igun, pẹ̀lú okùn òjé lọ́wọ́.

"Ó ti mọ̀ ọ́n," ni ọ̀gá iṣẹ́ wí, láìwo ojú rẹ̀. "Ìwọ, bọ́ sí àárín ògiri."

Àárín ògiri ni wọ́n ń fi àwọn akọ́ṣẹ́ sí. Ó ṣe é bí ẹni pé kí ó jiyàn, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà. Ó gba ìbọ̀wọ́ lọ́dọ̀ olùtọ́jú irinṣẹ́, ó wọ̀ ọ́, ó bọ́ sí ipò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Oníbọ̀wọ́ fi ké sí i. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó gún?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojú kan. Ó wá àbùkù sí i tọkàntọkàn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Ó gún," ni ó wí, ó sì na ọwọ́ sí bíríkì tí ó kàn.