Irun Tí Roqeebah Fi Pamọ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé obìnrin kì í ní irùngbọ̀n. Èmi Tẹjúmọ́lá, tí gbogbo àdúgbò mi ní Ìsọlọ̀ ń pè ní Ìyá Ethan, ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń fi òwú yọ irun ojú fún àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn, bí mo bá ní kí n máa sọ ọ́, ilẹ̀ á ṣú. Ìyàwó pásítọ̀ ń wá, ìyàwó lèmọ́mù náà ń wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n á ní, "Ìyá Ethan, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ o." Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ti Roqeebah tí mo fẹ́ sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí ti jẹ́ kí n bẹ̀rù Ọlọ́run. Irun, ohun tí ẹ̀yin ń gbá dànù nílẹ̀! Ẹ wo ìpéǹpéjú, tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, tí kò ní gùn ju bó ṣe yẹ lọ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ti orí ní tirẹ̀ á máa gùn lọ ni, àfi tí ẹ bá gé e. Ta ló ń bá wọn sọ̀rọ̀? Àwọn ìbejì kan wà ládùúgbò wa, inú kan náà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n irun àyà Táíyé ń yọ jáde lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì, àyà Kẹ́yìndé sì ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àbáyọ̀mí ọkọ mi, irun etí rẹ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Mo ti rí obìnrin tí gbogbo irun apá rẹ̀ dojú kọ ibì kan bí ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ koríko, mo sì ti rí èyí tí kò ní ẹyọ kan láti èjìká dé ọmọ ìka. Kò sí èyí tí kò dáa nínú wọn. Àwọn àgbà ní a bá ìpéǹpéjú wáyé ni, irùngbọ̀n ló kẹ́yìn dé tó wá jù ú lọ. Ẹ jókòó ronú sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin náà á gbà fún Elédùà.

Nínú gbogbo irun tí mo ti rí, kò sí èyí tó dà bíi ti Roqeebah. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àjàó Estate níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù tó fẹ́ bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ọmọ jẹ́jẹ́, Mùsùlùmí, ará Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí rẹ̀. Réésà tó ń lò ti jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ̀ sú, ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tó tú híjáàbù, tí mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀, mo pariwo, mo ní, "Háà, Jésù!" Kì í ṣe ẹyọ mẹ́ta mẹ́rin tí mò ń fi òwú já. Láti abẹ́ etí ọ̀tún dé abẹ́ etí òsì ni gbòǹgbò irun tò sí, dúdú, létòlétò, tí kò sí ibi tó já. Àwọn ọkùnrin wà tí wọ́n lè ta ilẹ̀ bàbá wọn nítorí irú ẹ̀.

Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń hù. Dókítà wò ó, ó ní kò sí àrùn kankan lára rẹ̀, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ìyá bàbá rẹ̀ náà ti ní i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fá a lóòjọ́, ní ìdájí nílé àti ní ọ̀sán níbi iṣẹ́, kí ó má baà ṣú lójú rẹ̀. Yàtọ̀ sí dókítà yẹn, ìyá rẹ̀ àti èmi nìkan la mọ̀.

Wàhálà wá dé nígbà tí Abdulhafeez ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń ta bàtà ọmọdé ní Òṣòdì, ọ́fíìsì Roqeebah ló sì ti máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lókè ọya. Àwọn ẹbí ti bára wọn sọ̀rọ̀, yìgì ku oṣù kan àbọ̀. Roqeebah fẹ́ràn ọkùnrin yìí dénú dénú. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á, pé ọjọ́ tí Abdulhafeez bá rí irùngbọ̀n yìí, á sá lọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: tí ẹ bá jọ ń sùn tí ẹ jọ ń jí, ibo lẹ ti fẹ́ máa fá irùngbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́?

Bó ṣe sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ajé kan nìyẹn, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Abdulhafeez ti lọ sí Kánò lọ ṣètò ọjà, láti ibẹ̀ ló ti kọ̀wé sí i lórí Wásáàpù. Mo gbà á, mo kà á. Ohun tó kọ rèé, bó ṣe kọ ọ́ gan-an:

*Roqeebah, mo ti mo nipa irun e. Ma fi pamo fun mi mo. Irun yen gan lo je ki n mo pe iwo ni maa fe.*

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo fò sókè, mo ń jó. Mo ní, "Roqeebah, orí ẹ ti bá ẹ ṣe é! Ó ti rí irun ẹ, ó sì fẹ́ràn ẹ̀!"

Ó ní, "Àǹtí, ta ló sọ fún un?"

"O tún ń béèrè! Ṣé ó fọ́jú ni? Ọkùnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ obìnrin, ó máa ń wò ó dáadáa. Dá a lóhùn kíá."

Roqeebah tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé òun ò ní fi pamọ́ fún un mọ́. Kò pẹ́ ni ìdáhùn wọlé: *Alhamdulillah*. Ẹ wò ó, ta ni ìyẹn kò ní dá lójú? Èmi Ìyá Ethan fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mo ní, "Má fá a mọ́. Kí ó bá a ní pípé nígbà tó bá dé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Abdulhafeez lò ní Kánò. Roqeebah ń fi ìbòmú lọ síbi iṣẹ́, ó ní òtútù ló mú òun, ní alaalẹ́ ló sì ń yà lọ́dọ̀ mi kí n bá a wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí nǹkan! Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó le, ó ń gún ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń ká sínú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti kún àgbọ̀n rẹ̀, dúdú mìnìjọ̀, ó tẹ̀ lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ẹnì kan fà á sí i. Mo fi òróró àgbọn pa àgbọ̀n rẹ̀, mo fi kóòmù kékeré yà á. Ojú rẹ̀ tí mo ti mọ̀ láti ọdún méjì, mo wá rí i pé mi ò tíì rí i rí. Òun náà wo dígí títí, ó ní, "Àǹtí, ṣé èmi rèé?" Mo ní ìwọ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni Abdulhafeez wá mú un ní ṣọ́ọ̀bù mi, pé kí àwọn jọ lọ kí ìyá òun ní Òṣòdì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi máa rí i nìyẹn. Ọkùnrin gíga, jálàbíà funfun, àgbọ̀n rẹ̀ sì mọ́ roro bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Kí n tó dáhùn, Roqeebah ti dìde. Ó fa ìbòmú sílẹ̀.

Abdulhafeez fi ẹsẹ̀ kan padà sẹ́yìn. "Kí lèyí?"

Ó ní, "Irun tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ràn ni."

"Irun wo?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ ní kí n má fi pamọ́ fún yín mọ́." Ó na fóònù sí i.

Abdulhafeez kà á. Ó ká ọwọ́ lé orí. "Ìrun ni mo kọ! Ìrun! Ìrun tó o máa ń kí! Ọ̀sán tí mo bá ti gbé ẹrù wá, wàá mú báàgì kékeré kan, wàá wọ yàrá ẹ̀yìn, wàá tìlẹ̀kùn. Tó o bá jáde, omi á ṣì máa kán lójú ẹ. Mo rò pé àlùwàlá lo ṣe. Mo ní ọmọ yìí kì í jẹ́ kí ìrun Àyìlà fo òun, nígbà tí àwọn tó kù ń tẹ fóònù."

Roqeebah wolẹ̀. "Irun ni mo máa ń fá níbẹ̀," ó ní.

Èmi Kìrìsìtẹ́nì, èmi tí irun jẹ́ iṣẹ́ mi, kí ni mo fẹ́ kà á sí? Òun tó jẹ́ Mùsùlùmí gan-an kò rántí ìrun, torí irun ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí ó má fá a mọ́. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lẹ́nu mi, ó ti fọ́. Nígbà tí ojú wá ń tì mí jù, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mo kọjú sí ọkùnrin náà.

"Ìwọ náà! Ṣé wọn ò kọ́ ẹ ní àmì ohùn nílé ìwé ni? Àmì kékeré kan péré lórí lẹ́tà i, o ò lè fi sí i! Wo ohun tó o fà!"

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. Ẹ sì rí i, kì í ṣe òun ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀.

Roqeebah ní, "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀." Kò sunkún. Ó gbójú sókè, irùngbọ̀n rẹ̀ hàn gbangba. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ fún yín. Mo máa ń kí ìrun, àmọ́ mo máa ń pa á jẹ náà, mi ò tó ẹni tẹ́ ẹ rò. Irun yìí ní tirẹ̀, mi ò lè dá a dúró. Tí mo bá fá a láàárọ̀, á tún hù kó tó dalẹ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe títí. Tó bá pọ̀ jù fún yín, ẹ sọ ọ́ níbí. Ẹ má jẹ́ kí n dé iwájú ìyá yín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́."

Mo ní Ọlọ́run, bí ọkùnrin yìí bá jáde, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ ọlọ́mọ? Abdulhafeez sún mọ́ ọn díẹ̀, ó ń wo irùngbọ̀n náà, láti etí kan dé ìkejì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àgbọ̀n ara rẹ̀.

Ó ní, "Ọdún márùn-ún ni mo ti ń pa òróró. Kò sí òróró irùngbọ̀n tí wọ́n ń tà ní Òṣòdì tí mi ò tíì rà. Ní mọ́sálásí, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Ìyàwó. Mo wá máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi irùngbọ̀n sínú ilé mi." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì. "Mi ò dárúkọ àgbọ̀n tó yẹ kó hù sí."

Mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Ẹni tó lórí kò ní fìlà o!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n Roqeebah kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ó rẹwà, Roqeebah. Wàláì, ó rẹwà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Ìrun ńkọ́? Ìyẹn lẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn mi."

Ó wo aago ara ògiri mi. "Alásárì ti tó," ó ní. "Wá, ká kí i ká tó lọ."

Ẹ̀rọ omi mi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àlùwàlá wà níta, létí títì, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń kọjá. Mo rò pé Roqeebah á fa ìbòmú rẹ̀ sókè. Kò fà á sókè. Ó fi í sílẹ̀ lórí àga, ó jáde. Obìnrin kan nínú kẹ̀kẹ́ yọrí síta wò ó, mo sì tẹjú mọ́ obìnrin náà títí ó fi yí ojú padà.

Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n fọ ẹnu àti imú. Nígbà tó kan ojú, Roqeebah fi omi pa ojú rẹ̀ wéré bó ṣe máa ń ṣe, Abdulhafeez sì ní, "Dúró. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ bá nípọn, ó yẹ kó fi ìka yà á kí omi lè wọ̀ ọ́. Láti ilé-kéwú ni wọ́n ti kọ́ mi, mi ò rí ibi lò ó rí."

Wọn ò tíì so yìgì, kò lè fọwọ́ kàn án. Ó bu omi, ó na àwọn ìka rẹ̀, ó ń fà wọ́n gba abẹ́ àgbọ̀n tirẹ̀, níbi tí kò sí ẹyọ irun kan, ó rọra ń ṣe é kí Roqeebah lè rí i dáadáa. Roqeebah ń wò ó. Òun náà bu omi, ó ti àwọn ìka rẹ̀ bọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń yà á.